Èsì: Ṣé sísè omi lè mú PFAS kúrò?

Rárá o. PFAS ni àwọn kẹ́míkà àtọwọ́dá kan tí kì í tètè jẹrà. Bí omi bá ṣe ń hó tó ń fẹ́ lọ, PFAS inú èyí tó ṣẹ́kù á máa ki sí i ni. Ẹ paná.

Bẹ́ẹ ṣe sọ pé omi kànga lẹ̀ ń mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè òfuurufú Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìfófòó tí wọ́n fi ń paná ọkọ̀ òfuurufú ló jò wọlẹ̀.

1. Ẹ yẹ omi wò ná. Ààlà tí EPA (àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà) fi lélẹ̀ fún PFOA àti PFOS (oríṣi PFAS méjì) nínú omi mímu ní 2024 jẹ́ ìdá 4 nínú tírílíọ̀nù. Kò de kànga àdáni, àmọ́ ẹ fi ṣòṣùwọ̀n.

2. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gbé asẹ́ reverse osmosis (èyí tó ń fipá ti omi gba inú awọ fẹ́lẹ́ kan) sábẹ́ síńkì. Asẹ́ èédú náà ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá lè máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò (ọ̀pọ̀ kì í ṣe é).