Èsì: Ta ló kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀rọ ló ń yí àwùjọ padà?

Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ibi tí èrò pé ẹ̀rọ ló ń yí àwùjọ padà ti ṣẹ̀. Thorstein Veblen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà (1857–1929), ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní 1847, Karl Marx, onímọ̀ ará Jámánì, kọ ọ́ pé ọlọ àfọwọ́yí ló bí àwùjọ àwọn ìjòyè onílẹ̀, ọlọ tí ooru omi ń yí ló bí ti olówó onílé-iṣẹ́. Gbólóhùn yìí ni wọ́n ń fà yọ jù, bẹ́ẹ̀ Marx kò dúró síbẹ̀: ó tún ń wo ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ní 1922, William Ogburn, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, sọ pé ẹ̀rọ ló ń ṣíwájú, àṣà á wá máa wọ́ tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni mo ti ń kọminú, torí ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Kábà. Ó gba ìrin kúrò lọ́wọ́ obìnrin, ṣùgbọ́n bíbó àti yíyan gàrí ṣì wà lọ́rùn wọn. Bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin bá ni ẹ̀rọ ọ̀hún, èrè tiwọn ni. Bí ẹlòmíì bá ni ín, owó ìrin ń jáde lápò wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀gẹ́ wá.