Gíà tí wọ́n tú tò tó tún ń yọ̀: ta ni yóò san owó ẹ̀ẹ̀kejì?

Ìbéèrè

Ẹ̀ńjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́. Camry 2007 ni mò ń wà, gíà rẹ̀ ló ń yọ̀ bí mọ́tò bá ti gbóná. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì wa ní Ṣàgámù, ẹni tó ti ń bá ìdílé wa tún ọkọ̀ ṣe kí n tó délé ọkọ. Ó ní òun yóò tú gíà náà, òun yóò fi páàtì tuntun tún un tò. Ó gba ₦480,000, mo san án pé. Kò tó oṣù kan tó tún bẹ̀rẹ̀: ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ọkọ̀ ò ní lọ. Ó wá ní torque ló kù tó bàjẹ́, pé kò sí nínú owó tí a jọ sọ, kí n mú ₦150,000 wá. Ọkọ mi fẹ́ kó ọlọ́pàá lọ bá a. Àbúrò mi ní ká gbé e fún oníṣẹ́ gíà mìíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ wà nílé wa báyìí. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn

Tíṣà, ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì ná. Ẹ páàkì ọkọ̀ yẹn, ẹ má wà á mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú gíà náà níbi tí ẹni tó ṣe é kò sí.

Iṣẹ́ gíà ni mò ń ṣe, wọ́n sì máa ń pè mí wá wò ó níbi tí irú ẹjọ́ yìí bá ti dé. Àwọn oníbàárà tó jàre tí wọ́n sì pàdánù owó wọn pọ̀, ohun kan náà ló sì máa ń fa á: wọ́n ti gbé ọkọ̀ fún ẹlòmíràn, ó ti tú u, ó ti da ọ́ìlì rẹ̀ nù, ó ti kó pléètì jáde, ìyẹn àwọn àwo pẹlẹbẹ inú gíà tó máa ń dì í mú kí ọkọ̀ lè lọ. Ọ̀gá àkọ́kọ́ á kàn ní, “Bí mo ṣe tò ó kọ́ nìyí.” Ta ló fẹ́ já a nírọ́? Inú gíà yẹn ni ẹ̀rí yín wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sì lè ṣí i kí ó tó dàrú.

Kó tó dọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, ẹ wá ohun tí ẹ̀yin àti mẹkáníìkì jọ sọ. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń gba irú owó yìí lé lórí. Ọ̀kan ni pé kí wọ́n tú gíà tán, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo pléètì, rọ́bà àti fílítà. Èkejì ni pé kí wọ́n yọ ìwọ̀nba pléètì tó jóná, kí wọ́n dá ìyókù padà. Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó, kí wọ́n ra gíà tòkúnbọ̀, kí wọ́n gbé e wọlé, kí wọ́n sì ní àwọn tú tiyín. Ẹ bi í léèrè, ohùn pẹ̀lẹ́: àwọn pléètì àtijọ́ dà? Rìsíìtì páàtì dà? Ẹni tó ra páàtì tuntun máa ń ní páálí rẹ̀ nílé iṣẹ́. Ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp yín jọ àti ìwé owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ní báńkì. Bó bá jẹ́ gíà tòkúnbọ̀ ló gbé wọlé láìsọ fún yín, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, nítorí òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ta ohun àlòkù jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àlòkù ni.

Ní ti torque tó ń wí yẹn, mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Irin róbótó tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà ni. Nígbà tí pléètì bá jóná, eérú àti èérún irin rẹ̀ máa ń bá ọ́ìlì wọ inú torque, a ò sì lè fi sípánà tú u. Àfi ká gé e, ká fọ̀ ọ́, ká tún wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pa. Páàtì ọ̀tọ̀ ni lóòótọ́, ó sì lè má sí nínú owó àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí gíà wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́. Kó ní, “Torque yìí ò dáa, ẹ mú owó rẹ̀ wá, tàbí kí ẹ mọ̀ pé bí mo ṣe bá a ni mo ṣe dá a padà.” Ẹni tí kò sọ bẹ́ẹ̀, tó tò ó, tó gbowó, tó wá rántí torque lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀bi tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ lọ ṣe scan, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka kóòdù àṣìṣe tí ọkọ̀ tọ́jú pamọ́. Bí P0741 bá jáde, torí torque ni, tàbí torí ibi tó ń darí ọ́ìlì sí i, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ P0730 tàbí P0731 ló jáde, gíà fúnra rẹ̀ ni kò dì í mú dáadáa. Ẹ ya fọ́tò ohun tó bá hàn.

Àwọn ohun méjì mìíràn wà tí mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àkọ́kọ́ ni ọ́ìlì. Ọ́ìlì gíà Toyota tí wọ́n ń pè ní WS ni Camry 2007 ń lò. Ẹ bi í irú èyí tó rọ sí i. Èkejì ni rédíétọ̀, nítorí ọ́ìlì gíà máa ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá kó lè tutù. Bí wọn ò bá fọ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n tú gíà, ìdọ̀tí àtijọ́ á padà wọnú pléètì tuntun. Ó tún lè jẹ́ pé rédíétọ̀ ti là nínú, tí omi ń wọ inú gíà. Ọ́ìlì á wá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ojú pléètì mọ́ irin, omi a sì máa tú u. Ibí yìí ni ẹ̀yin náà ní láti sòótọ́: ṣé ọkọ̀ náà ti gbóná rí lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí ẹ gbà á? Ṣé ẹnikẹ́ni ti bá yín fi ọ́ìlì kún un?

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe kí wọ́n bá a jà. Kí alága bá yín mú oníṣẹ́ gíà kan tí ẹ̀yin àtòun jọ gbà, kí wọ́n sì ṣí i lójú gbogbo yín. Ẹ jọ pín owó ìṣísílẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ń gbé ọkọ̀ lọ, kí wọ́n gbé táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, torí iwájú ló ti ń fà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ṣàgámù. Inú gíà á máa yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì tó ń ti ọ́ìlì kiri ti kú.

Kí ọmọ yín kan máa fi fóònù ká a sílẹ̀. Bí wọ́n bá tú àwo ìsàlẹ̀ gíà tí ọ́ìlì máa ń wà, ẹ sún mọ́ ọn. Mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké wà nínú rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá wà lára wọn, kò burú. Bí ẹ bá rí èérún irin tó ń dán, tí ọ́ìlì sì ń rùn bí ohun tó jóná, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Kí wọ́n to pléètì sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Pléètì oṣù kan kì í dúdú kó sì fá tán, bí kò bá ṣe pé ohun kan pa á. Àwọn tí ọwọ́ kò kàn nínú wọn náà á hàn, a ó sì mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ ló pààrọ̀.

Bí mo bá wà níbẹ̀, bí mo ṣe máa pín in rèé. Owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì wà lọ́rùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Pléètì àti ọ́ìlì tó jóná, òun ni yóò rà á, àyàfi bó bá jẹ́ omi rédíétọ̀ tó là lẹ́yìn tó ti dá ọkọ̀ padà. Torque, bó bá bàjẹ́ lóòótọ́ tí kò sì sí nínú àdéhùn, ẹ̀yin ni kí ẹ rà á, torí ẹ ò bá ti rà á tẹ́lẹ̀ náà. Ẹ jọ lọ rà á, kí rìsíìtì jẹ́ orúkọ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, kí alága fọwọ́ sí i. Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa ń tijú àtikọ̀wé fún ẹni tó ti di ẹbí, ibẹ̀ sì ni ẹbí máa ń bàjẹ́.

Ẹ sọ fún ọkọ yín kó fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni torí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá tilẹ̀ tì í mọ́lé, ta ni yóò tò gíà? A kì í sì í ti irú ibẹ̀ bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Bó bá kọ̀ láti wá, ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Òfin 2018 yẹn ní bí iṣẹ́ kò bá dára tó bó ṣe yẹ, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá lára owó rẹ̀ padà. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, kóòtù májísíréètì sì wà ní Ṣàgámù. Ohun kan ni pé bí ọkọ̀ bá ti padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í mú torí ₦150,000 tí ẹ ò tíì gbà pé ẹ máa san.

Bó bá parí rẹ̀, ẹ má gbà á lẹ́yìn tí ẹ kàn yí àdúgbò ká. Òun kí ó jókòó tì yín, ẹ bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ tún wà á padà. Ooru ló ń mú gíà yín yọ̀, kó gbóná dáadáa nìkan lẹ fi lè mọ̀. Ẹ pa á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún un ṣáná, ẹ fi sí R, ẹ fi sí D, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fọwọ́ síwèé.