Ẹ Bi Wá: Backup wà nílẹ̀, àmọ́ ó kọ̀ kò padà

Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ kan náà ni èyí tó pọ̀ jù ń sọ: àwọn èèyàn ń ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà fáìlì tí wọ́n ń pa mọ́ de ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ojoojúmọ́ pàápàá ni wọ́n ń ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n wá fẹ́ lò ó gan-an ló já wọn kulẹ̀. Ó ń dùn mí, torí owó oṣù èèyàn, fáìlì aláìsàn, owó táwọn èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún dá, inú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé àti ti ibi iṣẹ́ wọn.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Èmi ni mò ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní ọsibítù aládàáni kan l'Ábẹ́òkúta. Sọ́fítíwíà SQL Server la fi ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn. Alẹ́ Sánńdè la máa ń ṣe full backup, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo ẹ̀, alẹ́ tó kù la máa ń ṣe differential. Dísìkì server wa kú láàárọ̀ Tọ́sìdeè. Mo ra tuntun, mo to gbogbo ẹ̀ padà, full ti Sánńdè wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ differential ti Wẹ́sìdeè lóun ò wọlé, error 3136 ló ń gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ripọ́ọ̀tì ọ̀sẹ̀ yẹn ló ní ó dáa o! Dókítà àgbà ò yéé pè mí. — Àbúrò yín, Abẹ́òkúta*

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀ ná. Kó o tó ṣe nǹkan kan, má tún fọwọ́ kan dísìkì tó kú yẹn mọ́, má fọ́rímátì ẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lóun fẹ́ bá ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, dì í sínú ọ̀rá kó o tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, torí ó ṣeé ṣe ká padà wá a.

Error 3136 ò ní pé fáìlì ẹ bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé differential Wẹ́sìdeè yìí kì í ṣe ọmọ full ti Sánńdè, ó ní ìyá míì. Differential kì í gbé gbogbo database, ìyẹn ibi tí gbogbo fáìlì aláìsàn wà, ohun tó yí padà látìgbà tí wọ́n ti ṣe full gbẹ̀yìn nìkan ló ń gbé, tẹ́nì kan bá wá yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ tó ṣe full tiẹ̀ lọ́tọ̀, látọjọ́ yẹn lọ full ti ẹni yẹn ni gbogbo differential ẹ á máa tẹ̀ lé, SQL Server ò sì ní pariwo, iṣẹ́ alẹ́ á máa lọ, ripọ́ọ̀tì á máa sọ pé ó dáa, torí lóòótọ́ ó kọ fáìlì sílẹ̀, ohun tí wọ́n ní kó ṣe náà nìyẹn.

Bó o ṣe máa wá ìyá ẹ̀ rí rèé. Ṣí Management Studio, ìyẹn sọ́fítíwíà tó o fi ń darí SQL Server, tẹ RESTORE HEADERONLY FROM DISK, kó o wá kọ ibi tí differential Wẹ́sìdeè wà sí i. Ìlà kan ló máa jáde, àmọ́ ó gùn, máa fà á lọ sápá ọ̀tún títí wàá fi rí DifferentialBaseGUID, lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ kan báyìí ni, dà á kọ. Ṣe HEADERONLY kan náà fún full Sánńdè, BackupSetGUID ni kó o wò lórí ìyẹn. Wàá rí i pé wọn ò bára mu. Ó wá kù kó o máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo fáìlì .bak tó o bá rí, níbikíbi tó o bá ti rí i, èyí tí BackupSetGUID tiẹ̀ bá bá èyí tó o dà kọ mu, òun lò ń wá.

Ibo lo máa wá a dé? Pe àwọn tó ta sọ́fítíwíà ọsibítù fún yín, kó o bi wọ́n bóyá wọ́n wá ṣe update láàárín Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè. Wọ́n máa ń ṣe full kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ orí laptop wọn ni fáìlì yẹn sábà máa ń bá lọ. Tí kì í bá ṣe àwọn, wò ó bóyá virtual machine ni server yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi sọ́fítíwíà ṣe sínú kọ̀ǹpútà míì, tí sọ́fítíwíà míì tún ń gbé odindi ẹ̀ lálaalẹ́, torí ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń gba ọ̀nà VSS, ètò backup tó wà nínú Windows, bá SQL Server sọ̀rọ̀, tẹ́ni tó tò ó ò bá sì yan copy-only, ìyẹn ẹ̀dà tí differential kì í tẹ̀ lé, SQL Server á kà á sí full. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹ, torí database yín wà nínú ohun tí sọ́fítíwíà yẹn gbé, ọjọ́ ẹ̀ á sì sún mọ́ tòsí ju Sánńdè lọ.

Tọ́wọ́ ẹ bá tẹ full yẹn, òun ni kó o kọ́kọ́ dá padà, kó o má gbàgbé láti kọ NORECOVERY sí i, òun ló ń jẹ́ kí database ṣì dúró de backup tó kàn. Tó o bá gbàgbé, database á ṣí, differential á tún kọ̀, error 3117 lo máa rí lọ́tẹ̀ yìí. Differential ló kàn, ìyẹn ni wàá kọ RECOVERY sí. Kó o tó wá pe dókítà àgbà, ṣe DBCC CHECKDB, àyẹ̀wò tó ń wò ó bóyá database bàjẹ́, jẹ́ kó parí. Tó o bá wá full yẹn tì, á jẹ́ pé ẹ máa gbé dísìkì tó kú lọ fáwọn tó ń yọ dátà látinú dísìkì, kẹ́ ẹ máa fi ti Sánńdè ṣiṣẹ́ lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn nọ́ọ̀sì lónìí pé wọn ò gbọ́dọ̀ ju ìwé kankan nù, torí ohun tí wọ́n fọwọ́ kọ láti Mọ́ńdè lẹ máa tẹ̀ padà.

Látòní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe backup tara ẹ̀ lórí server yín, kó fi COPY_ONLY sí i. Kò ní da nǹkan kan rú.

*Mo kí yín o. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí n'Íbàdàn, mi ò mọ nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà. Láràárọ̀ ni ọmọ tó ń bá wa ṣe IT máa ń fi ripọ́ọ̀tì hàn mí, "Success" ló máa ń wà níbẹ̀. Ṣé kí n máa sùn dáadáa? — Ìyá Akápò*

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ yẹn ò purọ́, àmọ́ ohun tí ripọ́ọ̀tì yẹn ń sọ ò tó ohun tẹ́ ẹ rò. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, ilé iṣẹ́ ńlá táwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà kárí ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí. Lálẹ́ January 31, 2017, ẹnjiníà wọn kan ń tún database tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ṣe, ilẹ̀ ti ṣú, ó rò pé orí server kejì lòun wà, àṣé orí èyí tí gbogbo ayé ń lò ló wà, ló bá pàṣẹ pé kó pa fáìlì rẹ́. Kíá ló fura tó dá a dúró, àmọ́ nǹkan bíi 300GB ti lọ. Wọ́n sáré lọ síbi tó yẹ kí backup ojoojúmọ́ wà lórí Amazon S3, ibi ìpamọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò bá nǹkan kan. Irinṣẹ́ tó ń ṣe backup yẹn, pg_dump, ẹ̀dà 9.2 ló ń lò, database wọn sì ti di 9.6, torí náà kò ṣiṣẹ́. Íméèlì tó yẹ kó máa kìlọ̀ fún wọn náà ò wọlé, ètò ààbò íméèlì tí wọ́n ń pè ní DMARC ló ń dá a padà, gbogbo èèyàn sì rò pé kò sí wàhálà, torí wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Snapshot, ìyẹn ẹ̀dà bí nǹkan ṣe rí lákòókò kan, tẹ́nì kan nínú wọn ti fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ míì pátápátá, ló kó wọn yọ. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà yẹn ò padà mọ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọn ò fi bò, gbangba ni wọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀, àní wọ́n gbé àtúnṣe náà sórí YouTube káwọn èèyàn máa wò ó bó ṣe ń lọ.

Torí náà, Màmá, ẹ má bi ọmọ yín bóyá backup ṣiṣẹ́. Ẹ bi í pé, "Ọjọ́ wo lo dá a padà gbẹ̀yìn?" Ẹ ní kó dá a padà sórí kọ̀ǹpútà míì tí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ mú káàdì ọmọ ẹgbẹ́ mélòó kan tẹ́ ẹ mọ owó wọn dáadáa, kó ṣí àkáǹtì wọn níṣojú yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá owó tí wọ́n san kẹ́yìn kí backup yẹn tó wáyé wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí sílẹ̀, torí iye wákàtí yẹn làwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Oṣooṣù ni kẹ́ ẹ máa ṣe é. Ripọ́ọ̀tì yẹn náà, ẹ ní kó máa fi bí fáìlì ṣe tóbi tó hàn yín, tó bá kàn dédé kéré lọ́jọ́ kan, tàbí tí ripọ́ọ̀tì ò wọlé rárá, ẹ béèrè kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

*Orí cloud nìkan, ìyẹn server ẹlòmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni backup wa wà, ní Yúróòpù, 4TB. A fẹ́ dán an wò bó ṣe máa padà, ọjọ́ kẹta rèé, kò tíì dé ibì kankan. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? — Ilé ẹ̀kọ́ kan, Òṣogbo*

Kò bàjẹ́, ọ̀nà ló tóóró. Ẹ ò sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì yín ṣe yára tó, àmọ́ ká ní 20Mbps ni, tí kò sì já rárá, 4TB á gba ọjọ́ 18 ó lé díẹ̀. Lórí 100Mbps, bí ọjọ́ mẹ́rin. Tó bá jẹ́ orí dísìkì tó wà nínú ọ́fíìsì yín ni, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 1Gbps, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Ẹ tún rántí March 14, 2024, tí okùn abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já lápá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì fi di ìṣòro ní Nàìjíríà. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ti cloud wà fún ọjọ́ tí ilé fúnra ẹ̀ bá jóná.

*Àwọn kan ti wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ní Àpápá, gbogbo fáìlì ti tì pa, wọ́n ń béèrè owó. NAS, àpótí dísìkì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tá à ń kó backup sí, náà bá a lọ. Hard disk kan ló kù, inú dúrọ́ọ̀ mánéjà ló ti wà látoṣù tó kọjá. Ọ̀gá ní kí n tètè so ó mọ́ server kíṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n so ó? — Ẹni tí ò tíì sùn*

Má so ó! Jọ̀ọ́, má so ó mọ́ nǹkankan tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn. Tó o bá so ó báyìí, ó lè má pé ìṣẹ́jú mélòó kan tí òun náà á fi lọ, kò sì ní sí nǹkan tó kù mọ́. Wá kọ̀ǹpútà tó mọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows tàbí Linux sí, tí kò sí okùn tàbí Wi-Fi lára ẹ̀, ibẹ̀ ni kó o ti ṣe ẹ̀dà dísìkì yẹn, kó o gbé ojúlówó padà sínú dúrọ́ọ̀, kó o máa fi ẹ̀dà ṣiṣẹ́. Tí ọ̀gá bá ń kánjú, ka ìpínrọ̀ tó kàn yìí sí i létí.

Ní June 2017, fáírọ́ọ̀sì NotPetya kọlu Maersk, àwọn tó ń fi ọkọ̀ òkun kó kọ̀ǹténà káàkiri ayé. Wọ́n ní backup ọ̀pọ̀ server, àmọ́ domain controller wọn, ìyẹn server tó mọ orúkọ àti páásìwọọ̀dù gbogbo òṣìṣẹ́, ó tó nǹkan bí 150, ara wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe backup ara wọn, gbogbo ẹ̀ ló pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, ní Ghana, torí iná lọ níbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì yẹn tó dé, kò sì sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò yára tó láti fi ránṣẹ́ sí England, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ní físà ìlú ọba, nígbà tó yá ẹnì kan gbé hard disk yẹn láti Ghana wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn ló gbé e wọ bàálù lọ sí London. Nínú ẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn kọ́. Dísìkì tí ò so mọ́ nǹkan kan ló gbà wọ́n, irú ẹ̀ ló sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mánéjà yín yẹn.

Domain controller ni kó o kọ́kọ́ gbé dìde, kó o yí gbogbo páásìwọọ̀dù padà, kó o tó kan database, kó o tó wá kan fáìlì lásán. Máa fura sí backup oṣù tó kọjá náà, torí àwọn èèyàn yìí lè ti wà nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó fara hàn: dátà ni kó o kó jáde nínú ẹ̀, má gbé odindi Windows àtijọ́ dìde. NAS yín ṣe lọ? Mo fura pé àkáǹtì admin domain, ìyẹn èyí tó láṣẹ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà yín, lẹ fi ń kọ backup sí i, ẹni tó bá sì gba àkáǹtì yẹn ti gba méjèèjì. Àkáǹtì tí ò sí nínú domain ni kẹ́ ẹ lò lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ibi ìpamọ́ tí admin fúnra ẹ̀ ò lè pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó pé. Kẹ́ ẹ sì sọ fún lọ́yà yín lónìí: tó bá ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí pa àwọn tẹ́ ẹ ní dátà wọn lọ́wọ́ lára, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ní kẹ́ ẹ fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí láàárín wákàtí 72.

*Ọ́fíìsì aṣírò-owó ni tiwa, ní Peckham, London. A fẹ́ wo ìwé ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, orí téèpù LTO-6 ló wà. A ra drive LTO-8, ẹ̀rọ tó ń ka téèpù, ó ń pọ téèpù yẹn jáde ni. Ṣé téèpù ti kú? — Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham*

Téèpù ò kú, drive yẹn ni ò lè kà á. Tẹ́lẹ̀, drive LTO máa ń ka ìran méjì tó ṣáájú ẹ̀, látorí LTO-8 ni wọ́n ti dá a dúró, LTO-7 àti LTO-8 nìkan ló ń gbà. Drive LTO-6 tàbí LTO-7 lẹ nílò, ẹ wá èyí tí wọ́n ti lò tàbí kẹ́ ẹ háyà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wádìí nǹkan méjì: sọ́fítíwíà tó kọ téèpù yẹn nígbà yẹn àti ẹ̀dà ẹ̀, torí òun ló máa lè tún katalọ́ọ̀gì ẹ̀ ṣe, ìyẹn sì máa ń pẹ́, ẹ̀ẹ̀kejì, bóyá wọ́n fi encryption sí i, ìyẹn ni pé kò ní ṣeé kà láìsí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá fi sí i, ẹ pe ẹni tó ń ṣe IT yín láyé ọjọ́un, ibikíbi tó bá wà, kẹ́ ẹ bi í ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sí, torí tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ò bá sí, drive tuntun ò wúlò fún yín.