Kànga tí omíyalé wọ̀: ẹ má gbé omi rẹ̀ kaná

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ sà. Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó ni à ń gbé. Omíyalé wọ kànga wa. A da álọ́ọ̀mù sí i, ó ti mọ́ gaara, àmọ́ ó ṣì ń rùn bíi bẹntiróòlù díẹ̀. Tí a bá sè é, ṣé a lè mu ún? Omi wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Lẹ́kkí náà, kò sì sóhun tó ṣe wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ má mu ún. Ẹ má sì gbé e kaná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Lẹ́kkí kúrò. Wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ti òjò nìyẹn, omíyalé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òkun bá kún tó ti ọ̀sà sókè, gọ́tà kì í ríbi tú omi sí. Omi á padà sínú àdúgbò, á máa gbé ohun tó bá bá lọ́nà. Lọ́dọ̀ yín, ṣáláńgá ló ń bá, àti ààtàn, àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, Apápá tí táńkì epo pọ̀ sí kò sì jìnnà. Omi rírà ni ẹ̀gbọ́n yín ń mu. Ó ń dùn mí pé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lówó omi ni ìdọ̀tí ẹlòmíràn ń ṣàn lọ, tí onígbáméjì bá sì dé, òun náà ni wọ́n á pè ní ọ̀bùn.

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ "a ti sè é." Álọ́ọ̀mù kàn ń mú ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ ni. Síse ń pa kòkòrò àìfojúrí, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n òjé, irin inú bátìrì mọ́tò tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò ní kú, torí kò fìgbà kan wà láàyè. Bí omi bá ṣe ń fà lórí iná ni òjé ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù. Ní ti bẹntiróòlù, oru rẹ̀ lẹ ó máa fà símú, ó sì lè gbaná. Ẹni tó bá ń ta ìyẹ̀fun tó "ń fọ gbogbo májèlé inú kànga" fún yín, irọ́ ló ń pa.

Ẹ bo kànga náà. Ẹ lọ bá àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ epo àti òjé wò. Àyẹ̀wò kòkòrò nìkan kò tó. N kò rí kànga yín, n kò sì ní sọ iye chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, tí ẹ ó dà sí i. Kì í yọ epo náà. Mo mọ̀ pé omi rírà wọ́n, ẹ dáwó jọ nínú ọgbà.

Bí ọmọ bá ti mu nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé omi náà ń rùn bíi bẹntiróòlù. Ẹ má fún un ní epo pupa kó lè bì.