Sí àbúrò tí GPA rẹ̀ já sí 2.00: wo máàkì tẹ́ẹ̀sì rẹ kí o tó dá TDB lẹ́bi

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ tán. O ní sáà kìíní rẹ ní 100 level fún ọ ní GPA (ìpíndọ́gba póìǹtì èsì) 2.00 nínú yúníìtì 20, pé o ní carryover méjì (kọ́ọ̀sì tí o gba F, tí o gbọ́dọ̀ tún ṣe), MTH 101 ti Mathematics àti CHM 101 ti Chemistry. O ní TDB (till day break, kíkàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́) lo ń ṣe lálaalẹ́, síbẹ̀ ìwé kò dúró lórí. O wá ń béèrè bóyá òru ló dára láti kàwé ni àbí ìdájí, àti bóyá 2:1 (second class upper) ṣì lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ń dùn mí jù.

Ṣé o ti yẹ F méjèèjì yẹn wò? F tí èèyàn gbà nítorí pé kò mọ̀ ọ́n wà. F tí ó wá nítorí pé máàkì tẹ́ẹ̀sì kò wọ inú àkọsílẹ̀ náà wà. Lójú pátákó èsì, bákan náà ni wọ́n rí. Lọ sí ẹ̀ka tí ó ni kọ́ọ̀sì náà, kí o béèrè máàkì rẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti tẹ́ẹ̀sì lọ́tọ̀, ti ìdánwò lọ́tọ̀. Bí ibi tẹ́ẹ̀sì bá ṣófo, tí o sì mọ̀ pé o jókòó ṣe é, ẹ̀tọ́ rẹ ni wọ́n mú dání yẹn, kò kan ìwé kíkà. Ìyà yìí jẹ mí kí n tó gbọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo.

Kíláàsì 100 level máa ń kún bí ọjà. Olùkọ́ mẹ́ta mẹ́rin lè pín ìwé ìdánwò láàárín ara wọn láti máàkì, kí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò tẹ máàkì sínú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà matric tí ó dín ẹyọ kan, ìwé àfikún tí akẹ́kọ̀ọ́ kò so mọ́ ti àkọ́kọ́, orúkọ tí kò sí nínú rẹ́jísítà nítorí pé course form kò tètè wọlé: ibẹ̀ ni èsì ti ń sọnù.

Má fẹnu lásán ṣe ẹjọ́ yìí. Kọ lẹ́tà. HOD (olórí ẹ̀ka) tí ó ni kọ́ọ̀sì ni kí o kọ ọ́ sí, kí ó gba ọwọ́ HOD tìrẹ kọjá. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ sí ẹ̀ka tiwọn nìkan, lẹ́tà náà á sì sùn síbẹ̀. Kọ orúkọ rẹ bí ó ṣe wà nínú course form, nọ́ńbà matric, kóòdù kọ́ọ̀sì, ọdún ẹ̀kọ́, ọjọ́ ìdánwò àti gbọ̀ngàn tí o ti ṣe é. Fi ẹ̀dà course form tí wọ́n buwọ́ lù sí i, àti ẹ̀dà ìwé tẹ́ẹ̀sì bí wọ́n bá ti dá a padà fún ọ. Ẹ̀dà méjì ni kí o tẹ̀. Kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ sára èyí tí o máa mú lọ. Lẹ́tà tí kò bá ní òǹtẹ̀, lójú wọn, o kò kọ ọ́ rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, padà lọ pẹ̀lú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn lọ́wọ́.

Wọ́n á ní kí o lọ kí o padà wá lọ́la. Bí ọ̀la bá dé, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kò wá. Ọ̀tunla, wọ́n wà nípàdé. Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn tí wọ́n ń gba owó oṣù láti tọ́jú èsì ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn bí ẹni tó wá ṣagbe. Fara dà á, má bá wọn jà, ṣáà máa lọ. Ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ yá ni pé kí Senate, ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì, tó fọwọ́ sí èsì, àtúnṣe máàkì kò fi bẹ́ẹ̀ le. Bí Senate bá ti fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀ ni ẹyọ máàkì kan máa gbà kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì yọ́ bá ọ pé òun mọ ẹni tí yóò bá ọ yanjú rẹ̀ fún owó, sá. Bí àṣírí bá tú, ìwọ ni wọ́n máa lé kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Láti sáà yìí lọ, ya fọ́tò gbogbo ìwé tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bá dá padà, lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kọ nọ́ńbà matric sára ìwé àfikún kí o tó kọ ìdáhùn kankan sínú rẹ̀, má sì dìde láìjẹ́ pé o ti fọwọ́ sí rẹ́jísítà. Tẹ́ẹ̀sì yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí ó bá jẹ́ 30 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ẹni tí ó gba 24 kò nílò ju 36 nínú 70 lọ láti ní B. Ẹni tí ó gba 6 nílò 54. Ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ máa jókòó ṣe o.

Ó dáa, ìwé kíkà. Níbi àpèjọ ìkíni-káàbọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, àwọn àgbà máa ń dìde pé "ẹ kàwé dáadáa", wọ́n á sì jókòó. Kò sẹ́ni tí ń sọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìwọ ń ka handout kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, o ń fa ìlà yẹ́lò sí i. Ohun tí ìyẹn ń ṣe ni pé ojú rẹ ń mọ ìwé náà. Kí ojú mọ nǹkan, kò túmọ̀ sí pé èèyàn á rántí rẹ̀ nígbà tí kò bá sí níwájú rẹ̀. Ìwádìí tí Roediger àti Karpicke gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 fi èyí hàn gbangba: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kàn ń tún ìwé kà ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí wọ́n pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà fi wọ́n sílẹ̀. Ìdánwò kì í wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5.

Nítorí náà, ka ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta, pa á dé. Mú abala ìwé òfìfo, kọ gbogbo ohun tí o bá rántí láìyọjú wò. Ṣí ìwé, kí o fi bírò pupa kọ ohun tí o fò àti ohun tí o ṣì. Ohun tí bírò pupa kọ yẹn nìkan ni o máa kà lọ́jọ́ kejì. Tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á nira, wàá rò pé o kò mọ nǹkan kan. Má tìtorí ìyẹn padà sí ìlà yẹ́lò.

Ti MTH àti CHM tún yàtọ̀, torí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà, ṣíṣe ni. Wo ìbéèrè yìí: 5.3 g Na₂CO₃ wà nínú omi 500 cm³, kí ni concentration rẹ̀? Molar mass rẹ̀ jẹ́ 106, 5.3 pín sí 106 jẹ́ 0.05 mol. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú: wọ́n á fi 0.05 pín sí 500. 500 cm³ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di 0.5 dm³, ìdáhùn á wá jẹ́ 0.1 mol/dm³. Ẹni tí ó ń wo ìdáhùn nínú handout á mi orí pé ó ti yé òun, nínú gbọ̀ngàn ni yóò tó mọ̀ pé kò yé òun. Ra ìwé kékeré kan tí o máa pè ní ìwé àṣìṣe. Ìbéèrè tí o bá kùnà, kọ ọ́ síbẹ̀, kọ ìdí tí o fi kùnà ní ìlà kan ("mi ò yí cm³ padà"), kọ ọjọ́ tí o máa tún un ṣe. Fi ìbéèrè ìdánwò ọdún márùn-ún sẹ́yìn ṣe é, pẹ̀lú aago. Bí ìdánwò bá jẹ́ wákàtí 3 fún ìbéèrè 5, ìṣẹ́jú 32 ni ti ìkọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 20 á ṣẹ́kù láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè tí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 32, fi àyè sílẹ̀ kí o lọ sí òmíràn.

Tímù tébù, o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún yúníìtì kọ̀ọ̀kan, méjì fún èyí tí ó jẹ́ carryover. Fóònù kò gbọ́dọ̀ sí nínú yàrá tí o ti ń kàwé.

Ti 2:1. Ká ní yúníìtì 20 ni sáà kọ̀ọ̀kan, sáà mẹ́jọ, pẹ̀lú yúníìtì 6 tí o máa tún ṣe: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 166. Láti dé 3.50 tí 2:1 ti bẹ̀rẹ̀, o nílò póìǹtì 581. O ti ní 40. Yúníìtì 146 tó kù gbọ́dọ̀ mú 541 wá, ìyẹn bíi 3.71 ní ìpíndọ́gba. Bí o bá ní B (póìǹtì 4) nínú yúníìtì 15 àti C (póìǹtì 3) nínú 5 ní sáà kọ̀ọ̀kan, 3.75 nìyẹn. Ó ṣeé ṣe, kò sì béèrè A kankan. Ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ka F àtijọ́ mọ́ bí o bá ti yege tún máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, béèrè èyí tí tiyín ń lò.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra ní 200 level. Carryover ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ sínú course form, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í sì gbà ju yúníìtì 24 lọ. Yúníìtì 6 àtijọ́ yẹn, pẹ̀lú 20 tuntun, ti di 26, nǹkan kan gbọ́dọ̀ yọ. Kí o mọ èyí tí o máa yọ kí o tó dé ọ̀dọ̀ level adviser, olùkọ́ tí ń bójú tó kíláàsì yín, má yọ kọ́ọ̀sì tí òmíràn dúró lé lórí ní sáà kejì. Tímù tébù 100 level àti 200 level sì lè forí gbárí. Wíwá sí kíláàsì 75% ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó jẹ́ kí o ṣe ìdánwò. Nínú kíláàsì 15, mẹ́ta péré lo lè pàdánù. Lọ rí olùkọ́ carryover náà ní ọ̀sẹ̀ kìíní, má dúró di ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Òru tàbí ìdájí lo béèrè, mo ti ń lọ jìnnà. Ṣe abala òfìfo yẹn lóru fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o ṣe é ní ìdájí fún ọ̀sẹ̀ kejì, kí o ka iye ìlà pupa tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí pupa rẹ̀ bá kéré ni tìrẹ, ẹnikẹ́ni kò lè bá ọ yàn án. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí o bá mú, sun wákàtí 7, torí inú oorun ni ohun tí èèyàn kọ́ ti ń fìdí múlẹ̀. TDB lálaalẹ́ ń ba ìyẹn jẹ́.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí, lọ sí ẹ̀ka Chemistry àti ti Mathematics lọ́jọ́ Ajé, kí o béèrè máàkì tẹ́ẹ̀sì rẹ. Mú ẹ̀dà course form dání.