Láti Kútọnu dé Montreal: wákàtí mélòó ni lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ń lọ kàwé ní Montreal ní oṣù kìíní ọdún. Íntánẹ́ẹ̀tì ní kìlómítà 8,400 ni láti Kútọnu, pé wákàtí mẹ́wàá ni. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní yóò gbéra ní 23:00, yóò dé Paris ní 5:30. Yóò kúrò níbẹ̀ ní 10:30, yóò sì gúnlẹ̀ sí Montreal ní 12:00. Ṣé wákàtí kan àbọ̀ péré ni Paris sí Kánádà ni? (Ìyá kan ní Kétu)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ètò ọmọ, Ìyá. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Kìlómítà 8,400 ni bí èèyàn bá ta okùn tààrà láti Kútọnu dé Montreal, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ọmọ yín yóò yà sí Paris. Kútọnu sí Paris jẹ́ bíi 4,700. Paris sí Montreal, bíi 5,500. Ó di 10,200.

Ní ti aago, àkókò ìlú tí pápákọ̀ wà ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kìíní, aago Paris àti tiwa dọ́gba, nítorí náà wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni ìrìn àkọ́kọ́. Montreal fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa. Bí ó bá lu 12:00 lọ́hùn-ún, 18:00 ni ní Kétu. Ẹ yọ 10:30 kúrò nínú 18:00: wákàtí méje àbọ̀ ni. Àpapọ̀ rẹ̀, wákàtí mẹ́rìnlá lófurufú àti márùn-ún ìdúró ní Paris, ìyẹn mọ́kàndínlógún.

Ẹ má kàn fi eré 900 kìlómítà ní wákàtí kan pín ọ̀nà. Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń ju iye tí ẹ ó rí lọ, torí wọ́n ka yíyí lórí ilẹ̀, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ mọ́ ọn. Atẹ́gùn líle òkè náà ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn: ó ń dojú kọ ẹni tó ń lọ sí Kánádà, ó sì ń ti ẹni tó ń bọ̀. Ìpadàbọ̀ sí Paris lè má tó wákàtí méje.

Bí ẹ bá yí ọjọ́ padà, ẹ tún un ṣírò. Montreal ń yí aago ní Sunday kejì oṣù kẹta, Paris ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù náà. Tiwa kì í yí.

Èyí tó ń kó bá èèyàn jù ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó dín owó. Bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ti kejì ṣòfò nìyẹn. Bí ó bá sì di pé kí ó jáde gba ẹrù ní Paris, àfi kó ní físà Schengen, ìyẹn ìwé àṣẹ láti wọ Faransé àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó bá a dòwò pọ̀ lórí ẹnubodè. Tí nọ́ńbà ìfipamọ́ àyè bá jẹ́ ẹyọ kan fún ìrìn méjèèjì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò wá àyè mìíràn fún un. Ní Kútọnu, kí ó wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù: YUL (àmì pápákọ̀ Montreal) ni kó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹrù ń lọ, kì í ṣe CDG (ti Paris) nìkan.

Ẹni tó fẹ́ pàdé rẹ̀ lè dé ní 13:30. Ẹnubodè ni wọ́n ti ń tẹ ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ fún ẹni tó ń wọlé nígbà àkọ́kọ́, ìlà ibẹ̀ sì máa ń gùn.