Ẹ má sọ̀kalẹ̀ dé odò lóṣù Keje: ohun tí ojú mi rí ní Grand Canyon

Àbúrò mi tó béèrè bóyá òun àti ọkọ òun lè sọ̀kalẹ̀ dé Odò Colorado tó ń ṣàn nísàlẹ̀ Grand Canyon, ọ̀gbun ńlá tó wà ní Arizona, kí wọ́n sì gòkè padà lọ́jọ́ kan náà lóṣù Keje, ẹ jọ̀wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Ẹ ní ara yín le, ẹ máa ń sáré láràárọ̀. Ara tèmi náà le nígbà tí mo lọ. Phoenix ni mò ń gbé, mo sì rò pé mo ti mọ oòrùn Arizona dunjú.

Téèyàn bá ń gun òkè, tó bá rẹ̀ ẹ́, á yíjú padà, ìsọ̀kalẹ̀ ló kù. Ti ọ̀gbun yìí yàtọ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ á fúyẹ́, ẹ ó máa rò pé kò le. Ìgbà tí agbára bá tán ni òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi wákàtí kan sọ̀kalẹ̀, ẹ ka méjì sílẹ̀ fún àtigòkè.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lèmi àti ọ̀rẹ́ mi gba Bright Angel, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wọ inú ọ̀gbun náà. Ẹnu ọ̀nà náà ga tó nǹkan bí 2,090 mítà, súwẹ́tà ṣì wà lọ́rùn wa. Máìlì 4.5 sísàlẹ̀ ni Havasupai Gardens, ibi tí igi ńláńlá wà, tí omi ń ṣàn. Indian Garden là ń pè é nígbà yẹn; 2022 ni wọ́n yí orúkọ náà padà, torí àwọn Havasupai, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló ń dáko níbẹ̀ kí ìjọba tó lé wọn kúrò. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti yíjú padà. A tún lọ dé Plateau Point láti wo odò. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibòji lọ́nà ibẹ̀ rárá.

Omi gan-an ló fẹ́ pa mí. Mò ń mu ún ṣáá, n kò sì jẹun, torí ooru ò jẹ́ kí ebi pa mí. Nígbà tó yá, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi, ìka mi wú débi pé òrùka ìgbéyàwó mi kò yí mọ́. Nígbà tá à ń gòkè padà, ìyá àgbà kan tá a bá nílé ìsinmi Three-Mile, máìlì mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà, wo ọwọ́ mi, ó bi mí pé kí ni mo jẹ láti àárọ̀. Mo ní ọsàn kan. Ó ní kí n gbé omi sílẹ̀ ná, ó da ẹ̀pà oníyọ̀ lé mi lọ́wọ́. Òógùn ti fa iyọ̀ ara mi jáde, mo wá ń bu omi la ìwọ̀nba tó kù. A jókòó síbẹ̀ di aago márùn-ún, à ń ti ẹ̀wù bọ omi, à ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iná fóònù la fi ríran dé òkè.

Tó bá jẹ́ oṣù Keje dandan, ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má kọjá Three-Mile, kí ẹ sì ti padà sókè kí aago mẹ́wàá tó lù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú Grand Canyon fúnra wọn ní kí èèyàn má rìn láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́rin. Ẹ bi wọ́n lókè bóyá ẹ̀rọ omi ń ṣiṣẹ́, torí páìpù ibẹ̀ a máa bẹ́. Ẹ kó kílíṣí àti ẹ̀pà dání, kí ẹ máa jẹ ẹ́ kódà bí kò wù yín. Bí ìbaaka tó ń ru èrò àti ẹrù bá ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè ni kí ẹ fara tì, ẹ má dúró létí ọ̀gbun.

Odò yẹn, ẹ fi sí ìparí oṣù Kẹwàá, kí ẹ gba ìwé àṣẹ láti sùn nísàlẹ̀. Tí ẹ bá gba Phoenix kọjá, mo ní báàgì àgbékọ́yìn méjì tí wọ́n ń rọ omi sí tí mo lè yá yín.